Ògiri Tí A Fi Ìda Rẹ́: Ìrìn-àjò Mi sí Sókótó

Lọ́jọ́ tí mo dé, èmi nìkan ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀yin ará ilé sì ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò bi mí léèrè. Ẹ kàn ń kí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí òfò ṣẹ̀. Òfò kankan kò ṣẹ̀ mí o. Múlíkà ọmọ mi wà láàyè, Sókótó ló wà, ó sì ń jẹun. Mo lọ mú un wálé, n kò sì mú un wálé. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n má baà máa tún un sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ojúde. Ẹ ní sùúrù, ọ̀nà náà jìn.

Ibi tí igi ti ń kúrú

Ìgbà ìjọba alágbádá ni. Ràímì, ọkọ Múlíkà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ní ilé búrẹ́dì ní Gawon Nama, ní ìlú Sókótó. Ó ránṣẹ́ pé ìyàwó òun ń wúkọ́, pé ikọ́ náà ti ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Àwọn àgbà ilé jókòó, wọ́n ní a kì í fi ọmọ tó ń ṣàìsàn sílẹ̀ ní ìdálẹ̀, pé ilé bàbá rẹ̀ ni ó ti yẹ kí ó máa mu àgbo. Wọ́n ní kí n lọ mú un wá. Mo dé àwọn ìkòkò aró mi, mo sì gbéra.

N kò ní fi ti ọkọ̀ ojú irin dá yín dúró. Ohun tí mo rí ni pé bí a ti ń lọ ni igi ń kúrú, tí ojú ọ̀run sì ń fẹ̀ sí i, títí a fi dé ibi tí ènìyàn ti lè máa wo ẹni tó ń bọ̀ láti ìgbà tí ẹni náà ṣì rí bí èèrà. Ooru Sókótó kò jọ tiwa. Tiwa a máa mú ènìyàn làágùn. Tibẹ̀ a máa fa òógùn náà gbẹ kí ó tó jáde.

Ní gáréèjì Sókótó, níbi tí ọkọ̀ akérò tí mo wọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ojú irin já mi sí, bàbá arúgbó kan tó ń ta okùn rí mi, ó dìde lórí ẹní rẹ̀, ó ní kí n jókòó. "Sannu da zuwa," ló ń wí, bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn káàbọ̀ nìyẹn. Ó fún mi lómi nínú igbá. Àwọn mìíràn péjọ, wọ́n ń kí mi, n kò gbọ́ èdè wọn. Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin rí ni ó ń túmọ̀.

"Ìyá, wọ́n ní ṣé ará ilé wà dáadáa? Wọ́n ní oòrùn ò pa yín jù lọ́nà? Wọ́n ní àárẹ̀ ńkọ́?"

Wọ́n bi mí ní gbogbo èyí kí wọ́n tó bi mí ibi tí mò ń lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, "Ta lẹ ń wá?" ni a ó kọ́kọ́ bi àlejò. Mo ní ọmọ mi ni mo wá wò, kò yá. Bí ó ti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, gbogbo wọn tẹ́wọ́ síwájú ojú wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ṣàdúà fún ọmọ tí wọn kò rí rí. Ara mi rọ̀ díẹ̀.

Ràímì dé, ìyẹ̀fun wà lórí irun rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."

"Dìde. Ọmọ mi dà?"

"Ó wà nílé, ní Gidan Igwai. Kò lè rìn jìnnà."

Nígbà tí Múlíkà kúnlẹ̀ kí mi, mo gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ gbì, bí ìgbà tí igi bá kan ilẹ̀, nítorí kò sí ẹran níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Di ẹrù rẹ." Ikọ́ ni ó fi dá mi lóhùn. Ràímì ní dókítà ti sọ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ń fún un ní oògùn oníhóró. Mo wo ọmọ mi. Mo rí i pé kò ní lè jókòó nínú ọkọ̀ dé ibi tí igi ti ń gùn. Mo ní ó dáa, n ó dúró kí ó lágbára díẹ̀, kí a tó lọ.

Ilé tí obìnrin kì í jáde

Bí mo ṣe di ará Gidan Igwai nìyẹn. Ògiri amọ̀ ni gbogbo ilé àdúgbò náà, ó nípọn, inú rẹ̀ sì tutù bí inú àmù. Ìyá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Delu ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé ni, kì í jáde sí ìgboro, nítorí àṣà wọn ni pé ilé ni ìyàwó ń gbé. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa, ibẹ̀ ni ó ń gbà wọlé wá. Ní àárọ̀ tí mo jí síbẹ̀, ó gbé abọ́ fún mi: èyí tí wọ́n ń pè ní fura, ọkà tí wọ́n gún tí wọ́n sì rọ́ sínú wàrà kíkan. Mo mu ún, ó kan mí nínú. Mo tún mu ún. Nígbà tó yá, bí n kò bá rí i, mò ń yọjú síbi ilẹ̀kùn.

Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ro oúnjẹ, ọbẹ̀ ewé oṣè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ó ń yọ̀ bí ilá. Múlíkà ti ní òun kò jẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ Delu ń rọra sọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mo fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ọjà. Ọkùnrin ni ó ń ta ata! Ọkùnrin onírùngbọ̀n, ó jókòó ti tòmátì àti àlùbọ́sà, ó ń tò ó bí obìnrin. Mo bi Delu pé kí ni òun ń ṣe nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́, Múlíkà sì túmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Haba! Kí ni ẹ̀yin ń wá lóòrùn?" 

Wọ́n ń pè mí ní Mama. Kò sí ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín pé n kò gbọ́ èdè. Tí mo bá kí wọn ní "sannu" tèmi tó wọ́, wọ́n á tún gbogbo ìkíni náà kí láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè kọ́ ọ. Àlejò ni mí, mo sì mọ̀ pé àlejò ni mí, ṣùgbọ́n kò gún mi lára.

Sàráà

Oògùn náà ṣiṣẹ́. N kò ní purọ́. Ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ dá, ikọ́ sì ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Múlíkà wá kún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò mi.

Ràímì ní kí a ṣe sàráà ìdúpẹ́. A jọ lọ sí Kasuwar Kara, ọjà ẹran wọn, láti mú àgbò. Ràkúnmí kan dúró níbẹ̀, ó ń wò mí láti òkè wálẹ̀ bí ìyálé tí wọ́n mú ìyàwó tuntun wá bá. A pa àgbò, Ràímì sun búrẹ́dì tó kún ààrò, a pín in fún gbogbo àdúgbò, àlùfáà sì ṣàdúà. Gbogbo ará ilé wa tó wà ní Sókótó ló wá, tẹlọ̀, fọkanáísà, àwọn oníṣòwò. Wọ́n ní, "Ìyàwó oníbúrẹ́dì, àlàáfíà ti dé!"

Láti ọjọ́ kejì ni Múlíkà kò ti fọwọ́ kan oògùn mọ́.

"Màámi, a ti dúpẹ́. Ẹni tó ti dúpẹ́ ìmúláradá, tó tún ń lo oògùn, ṣé kì í ṣe pé ó ń pe Ọlọ́run ní onírọ́?"

Kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó ti ṣì í wí. Àwa náà ni a kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ràímì pàápàá fara mọ́ ọn, nítorí ó ń bẹ̀rù pé àwọn oníbàárà yóò máa rí ìyàwó òun ní ilé abẹ́rẹ́. Mo ní a ó máa lọ sílé tí oṣù bá lé.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣódiyà ni ó da ètò náà rú. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, láábù ọsibítù ni ó ti ń ṣiṣẹ́, a sì máa wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Ràímì. Ó rí mi níwájú ààrò.

"Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ti jẹ ọkà láàárọ̀ yìí kí ẹ tó mu ẹ̀kọ?"

"A ti jẹ ẹ́ yó. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú ni mò ń káàánú, gààrí lẹ rẹ sùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, a ò rí ọmọ yín mọ́."

"Ara rẹ̀ ti yá. A ti ṣe sàráà."

Ó ní, "Ọlọ́run yóò gbà á. Ẹ bá mi gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ rẹ̀ sínú ìgò kékeré yìí, kí ẹ fúnra yín gbé e wá."

Mo gbé ìgò náà fún Múlíkà. Ó tutọ́ sí i láìjanpata, ó ní, "Ẹ gbé e lọ, kí ẹ lè fojú ara yín rí i pé mo ti gbádùn."

Aró tí kì í ṣí

Yàrá láábù náà kéré, òórùn rẹ̀ ń ta ènìyàn nímú. Ṣódiyà fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ra pẹlẹbẹ gíláàsì kan, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó da aró pupa lé e lórí, ó wá ń fi iná yá a nísàlẹ̀ títí èéfín fi ń rú lára aró.

"Èéṣe tí ẹ ń se aró?" mo bi í. "Àwa kì í se aró."

"Nítorí ara kòkòrò tí mò ń wá ni, Ìyá. Ó ní ògiri. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí wọ̀nyí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní in. Wọn kò ní egungun, ògiri yẹn ló mú wọn dúró. Omi ń tì wọ́n látinú. Tí ògiri bá là, wọ́n á bẹ́."

"Bí ẹ̀wà tó pẹ́ jù lómi."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ògiri náà dà bí àwọ̀n tí a hun. Tàwọn kan nípọn gan-an. Tàwọn mìíràn fẹ́lẹ́, wọ́n sì da ìbora mìíràn bò ó. Ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìda ni ó fi rẹ́ ògiri tirẹ̀ látòkè délẹ̀."

Mo ní, "Ibi tí ìda bá wà, aró ò ní wọbẹ̀." Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àwa tí a ń fi àbẹ́là ṣe ọnà sára àdìrẹ, ibi tí a bá kán an sí kì í gba aró.

"Ìdí tí mo fi ń yá a níná nìyẹn. Ìda á rọ̀, aró á ráyè wọlé. Tó bá tutù, ìda á padé mọ́ ọn nínú." Ó fi ásíìdì fọ gíláàsì náà, pupa náà ń ṣàn lọ, ó wá da aró búlúù lé e. "Ásíìdì yìí á mú kí gbogbo nǹkan yòókù ṣí. Tirẹ̀ ò ní ṣí. Búlúù ni ẹ ó rí níbi gbogbo. Bí ẹ bá rí pupa, òun nìyẹn."

Ó ní kí n wojú ẹ̀rọ awò rẹ̀. Ìpéǹpéjú ara mi ni mo kọ́kọ́ rí. Nígbà tí ojú mi balẹ̀, mo rí búlúù, ó dára, ó dà bí aṣọ tí a kọ́kọ́ rẹ. Láàárín búlúù náà ni mo ti rí wọn: pupa tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n tẹ̀ díẹ̀ bí ìgé òwú lẹ́sẹ̀ tẹlọ̀.

"Ti Múlíkà ni?"

"Ti Múlíkà ni, Ìyá."

Mo jókòó. Mo ní kí ó sọ fún mi bí oògùn náà ṣe ń pa wọ́n, ní èdè tí mo lè sọ fún ẹlòmíràn. Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì mí.

"Oògùn oníhóró yẹn kì í wó ògiri tó ti dúró. Kì í jẹ́ kí wọ́n rí ìda tuntun ṣe ni. Kòkòrò tó fẹ́ dàgbà, tó fẹ́ pín sí méjì, gbọ́dọ̀ mọ ògiri tuntun. Tí kò bá rí ìda fi rẹ́ ẹ, ó kú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń sùn. Ẹni tó ń sùn kì í kọ́lé. Oògùn ò lè rí wọn mú."

"Àfi tí wọ́n bá jí."

"Àfi tí wọ́n bá jí. Ọjọ́ tí wọ́n bá jí, oògùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ dè wọ́n. A ò sì mọ ọjọ́ náà. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn."

"Ara ọmọ mi ńkọ́? Oògùn tó ń ba ògiri jẹ́, ṣé kò ní ba tirẹ̀ jẹ́?"

"Ara ènìyàn kò ní irú ògiri yẹn. Awọ fẹ́lẹ́ ni tiwa, a kì í fi ìda rẹ́ ẹ. Ohun tí oògùn náà ń bá jà kò sí lára wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, ẹ sáré mú un wá."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gba ilé lọ. N kò sáré. Ohun tí mo máa sọ ni mò ń tò.

Òjò àkọ́rọ̀

Mo sọ ohun tí mo rí fún Múlíkà níwájú ọkọ rẹ̀. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó gbójú.

"Ṣé kí n tún lọ tò ní ilé abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí gbogbo Sókótó ti jẹ búrẹ́dì ìdúpẹ́ mi?"

"Múlíkà, ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, ṣé a pe ènìyàn?"

"Ẹ pè wọ́n."

"A dúpẹ́?"

"Ẹ dúpẹ́."

"Ṣé mo já ọ lẹ́nu ọmú lálẹ́ ọjọ́ náà, pé a ti dúpẹ́ tán?"

Ràímì bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Múlíkà kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tún sọ ti sàráà mọ́. Ó ní òun kò kàn gbà pé nǹkan lè máa sùn lára òun kí òun má mọ̀, pé ọ̀rọ̀ ògiri yìí kò yé òun.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, Delu ń tún ògiri ilé rẹ̀ rẹ́ de òjò. Ẹ̀yin aláró, ẹ gbọ́ èyí: ohun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri kí omi má wọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kòtò aró ni! Wọ́n á sun ún níná, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó. Laso ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo ti ń da tèmi nù sí ààtàn láti ìgbà èwe mi! Bírikìlà rẹ́ ògiri náà, ó ku igun kan, laso tán. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Òjò kò dúró de ọ̀la. Òjò àkọ́rọ̀ tibẹ̀, ìjì eruku ni ó ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni omi á wó lulẹ̀. Nígbà tó dá, Delu ń pariwo ní ẹnu ilẹ̀kùn kékeré náà. A lọ wò ó. Gbogbo ibi tí wọ́n rẹ́ dúró gírígírí, omi kan ń yọ̀ lára rẹ̀ ni. Igun tí wọn kò rẹ́ ti di ẹrẹ̀ nílẹ̀, ènìyàn lè rí ìkòkò Delu láti ojú títì.

"Kai!" ni Delu ń wí, ó bọ́ gèlè rẹ̀, ó fi ń dí ihò náà kí àwọn ọkùnrin tó ń kọjá má baà rí i. Ojú títì ń rẹ́rìn-ín, òun náà wá ń rẹ́rìn-ín.

Múlíkà kò tẹ̀lé wọn rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti ẹrẹ̀ náà, ó fi àtàm̀pàkò ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé bí oògùn náà ṣe ń ṣe wọ́n nìyí, Màámi?"

"Bó ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn. Èyí tí kò bá rí ohun tí yóò fi rẹ́ ògiri, ó ti parí fún un."

"Èyí tí wọ́n ti rẹ́ tẹ́lẹ̀, tó ń sùn ńkọ́?"

"A ó máa dúró dè é ni."

Ó wo ògiri náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó sì wá oògùn rẹ̀ jáde lábẹ́ àwọn aṣọ. Àṣé ó ti tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà sàráà. Kò dà á nù.

Ìjókòó

Mo ránṣẹ́ sílé pé kí ẹ má retí wa. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ kò dára létí, ṣùgbọ́n ìyẹn ti kọjá. Dókítà bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti hóró. Láràárọ̀ ni mo ń jókòó síwájú Múlíkà bí ọlọ́pàá.

"La ẹnu."

"Màámi, mo ti gbé e mì."

"Gbé ahọ́n sókè."

"Ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ lójú yín?"

"Ẹni tó bá ń tọ́jú hóró sábẹ́ ahọ́n ni mò ń wò, n kò ka ọdún."

Abẹ́rẹ́ a máa dùn ún, inú a máa ru ú, ìgbà mìíràn a sì máa fi ẹ̀yìn kọ mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo jẹ́ kó máa bínú. Ìbínú kì í pa ènìyàn. Ràímì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ìyàwó òun ń gba oògùn, pé kò sún mọ́ ìyẹ̀fun. Àwọn kan lọ ra búrẹ́dì níbòmíràn, àwọn tó pọ̀ jù kò lọ. Ìkórè dé, ọyẹ́ dé, ó lọ. Mo ti lè bá Delu jà ní èdè wọn, kí a sì parí ìjà náà. Ṣódiyà ní kò sí pupa mọ́ ní ojú awò, ṣùgbọ́n kí ó lo gbogbo oṣù tó ṣẹ́kù tán. Mo ní a gbọ́.

Ìbẹ̀rù kan ṣoṣo ni ó kù fún mi. Bí mo bá kúrò, tí kò sí ẹni tí yóò ní kó la ẹnu, ṣé yóò lò ó? Àwọn tó ń sùn lè jí lẹ́yìn mi. N kò lè dúró títí, ìkòkò aró mi ti gbẹ, bàbá yín náà ń dàgbà. Mo dá ọjọ́ ìpadà, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ràímì gbé àpò mi, Delu gbé igbá fura wá. Múlíkà wé gèlè, ó wọ bàtà. Mo rò pé ó ń bọ̀ wá sìn mí dé gáréèjì, bí ọmọ ti í sin ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ má bínú. Ọjọ́ oògùn mi ni òní. Tí mo bá sìn yín, wọn á ti palẹ̀ mọ́ ní ọsibítù kí n tó dé."

"Haba!" Delu ké. "Ìyá rẹ ń lọ!"

"Ó mọ ibi tí mò ń lọ," ni Múlíkà dá a lóhùn. Ó dìde, ó gba ọ̀nà ọsibítù, ó ń yára, kò wẹ̀yìn wò.

Ràímì tẹríba, ojú ń tì í. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i."

"Bínú kẹ̀?" ni mo wí. "Gbé àpò, jẹ́ ká máa lọ. Ohun tí mo dúró dè ni ó ń lọ yẹn."